Ohun Tí Lazarus Rà Dípò Kó Sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọlọ́pàá kan wọn eré ọkọ̀ Lazarus Akínwándé lórí ọ̀nà Grand Central Parkway ní New York: máìlì mọ́kànléláàádọ́rin ní wákàtí kan. Àádọ́ta ni òfin gbà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tí Lazarus rà kí irú èyí má bàa bá a lẹ́ẹ̀kejì wà lára gíláàsì iwájú ọkọ̀, ó dojú kọ títì. Kò bàjẹ́. Lazarus fúnra rẹ̀ ló fi ìka ara rẹ̀ pa á, kò sì pẹ́ rárá lẹ́yìn ìyẹn tí ọlọ́pàá fi yọ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkùnrin tó gbọ́n fi máa ra ohun tí yóò ṣọ́ ọ, tí yóò tún fọwọ́ ara rẹ̀ pa á, àfi kó kọ́kọ́ mọ Mọ́mì Doyin.

Mọ́mì Doyin ló gba Lazarus sílé nígbà tó dé New York. Ẹni tó yẹ kó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú kò wá. Láti ọjọ́ náà di òní, fóònù onítọ̀hún kò lọ. Lazarus jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ń ṣépè fún ẹnì kan tí kò gbọ́ ọ. Obìnrin kan tó wá pàdé àlejò tirẹ̀ ló gbọ́ èpè náà, tó yíjú padà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ẹ́?" Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé àdúgbò Highbridge, nínú ilé oníyàrá méjì kan lórí òkè Ogden Avenue. Orí àga gbọọrọ tó wà ní pálọ̀ ló sùn fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Níbẹ̀ ló ti jẹun, níbẹ̀ ni àìsàn ti ṣe é tí wọ́n gbé omi gbígbóná fún un. Mọ́mì ló dúró bí ìyá nígbà tó gbé Ìyábọ̀dé níyàwó. Òun ló kọ́kọ́ gbé Láyọ̀, ọmọ wọn, sọ́wọ́. Nínú ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tí gbogbo wọn ń lọ, bí ẹnikẹ́ni bá bi Lazarus pé ta ni ìyá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kì í ronú kó tó dáhùn.

Nítorí náà, nígbà tí orúnkún Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí àtẹ̀gùn sọ́bùwéè, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, di ìyà fún un, Lazarus ló gbà láti máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ọkọ̀ Toyota tó fi ń gbé èrò jẹun náà ni. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi iṣẹ́ náà wà ní àdúgbò Jamaica ní Queens, ní New York kan náà, nínú ilé arúgbó kan tí kò lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mọ́mì ló ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án. Obìnrin ará Haiti kan tó ń jẹ́ Christina ló ń tọ́jú rẹ̀ mọ́jú. Ní aago méje, Mọ́mì gbọ́dọ̀ fi fóònù inú ilé náà pe iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti dé. Christina kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹnìkejì rẹ̀ yóò fi wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá dé, wọ́n á bá a tó ti wọ kóòtù, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì léjìká. Kì í sọ nǹkan kan. Ó kàn máa ń kọjá lára Mọ́mì bí ẹni tó ń sá fún òjò.

Mọ́mì kì í tètè jáde nílé. Àdúrà ni kì í jẹ́ kó jáde.

Láàárọ̀ kùtù, àwọn obìnrin máa ń pé jọ sórí nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo láti gbàdúrà. Àwọn kan wà nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn máa ń fọ ìdí arúgbó lọ́wọ́ ní Staten Island tí yóò sì máa ṣe àmín sínú okùn fóònù tó fi sétí. Mọ́mì Doyin ló ń darí wọn. Kò yẹ kí a purọ́ mọ́ ọn: ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ló wà tí kò sí ohun mìíràn tó lè gbé àwọn obìnrin yẹn dìde àfi ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà tó yẹ kó parí ní aago mẹ́fà kì í parí ní aago mẹ́fà. Ẹnì kan á ní ọmọ òun ń ṣàìsàn ní Ìbàdàn. Ẹlòmíràn á ní onílé ń halẹ̀ mọ́ òun nítorí rẹ́ǹtì. Mọ́mì á ní, "Ẹ jẹ́ ká gba eléyìí náà kún un." Nísàlẹ̀, lórí títì tó dà gẹ̀rẹ̀ bọ́ láti orí òkè, Lazarus á ti fi ọkọ̀ rẹ̀ dí títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ tó ti páàkì, iná ìkìlọ̀ rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, ọkọ̀ akólẹ̀ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò máa fun fèrè bíi pé wọ́n fẹ́ fi jí òkú.

Òun fúnra rẹ̀ kì í fun fèrè. Wọn kì í fun fèrè pe ìyá ẹni. Kì í tẹ Mọ́mì láago, nítorí orí fóònù náà ni àdúrà wà. Kì í gòkè lọ kanlẹ̀kùn, nítorí ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Mọ́mì ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù létí, ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní, "Lazarus, ṣé ìwọ lò ń lé mi báyìí, àbí ẹnì kan ló rán ẹ?" Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, lórí ilẹ̀ kọ́rídọ̀. Láti ìgbà náà, ó ń dúró.

Bí Mọ́mì bá wá sọ̀kalẹ̀, tó jókòó sẹ́yìn, tó to báàgì oúnjẹ rẹ̀ sẹ́sẹ̀, á ní, "Ọmọ mi, mo dá ẹ dúró. Ó yá, tẹná díẹ̀."

Lazarus á sì tẹná.

Tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìwé tí ọlọ́pàá ń já fún awakọ̀ tó sáré jù, bá a nínú oṣù kẹfà. Àkókò tó burú jù lọ ló bọ́ sí. Lazarus ti yege nínú ìdánwò awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú, ó sì ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n pe òun. Iṣẹ́ tó ní owó ìfẹ̀yìntì ni. Iṣẹ́ tó ní ìnṣọ́ránsì ìlera fún òun, ìyàwó àti ọmọ ni, èyí ló sì ká a lára jù, nítorí Láyọ̀ ní ikọ́ fée. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí padà báyìí, ọmọ náà á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa fa èémí bí ẹni tó ń mu omi nínú ìgò tí ẹnu rẹ̀ dí. Oògùn tó ń fà sínú gbówó lórí. Àwọn tó ń gba awakọ̀ bọ́ọ̀sì máa ń yẹ láísẹ́ǹsì ẹni wò. Tíkẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà, owó lásán ni. Ti ọlọ́pàá ló ń gbé pọ́ìntì, àmì ẹ̀ṣẹ̀ awakọ̀, kalẹ̀ sórí láísẹ́ǹsì, pọ́ìntì sì ni wọ́n ń wò. Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n lè gbójú fò ó. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ẹlòmíràn ni wọ́n máa pè.

Ìyábọ̀dé, ìyàwó rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Bàbá Láyọ̀, ẹ sọ fún wọn."

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Ẹ sọ pé aago mẹ́fà lẹ máa ń lọ. Bí wọn ò bá tíì sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì."

"Ìyábọ̀, ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Orí mi pé. Ẹnu yín ni kò pé."

"Orí àga ta ni mo sùn nígbà tí n ò ríbi sùn?"

"Ṣé àga náà ló máa bá wa ra oògùn Láyọ̀?"

Lazarus ní òun ò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé òun. Ìyábọ̀dé dìde, ó lọ dojú kọ abọ́, ó ń fọ̀ wọ́n bíi pé àwọn ló ṣẹ̀ ẹ́.

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ló fún un. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ ra ti olówó.

Nítòsí pápákọ̀ òfurufú JFK, ibì kan wà tí àwọn awakọ̀ ti máa ń dúró de kí fóònù pè wọ́n fún èrò. Ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan ń jẹ ìrẹsì nínú ike, ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ lé dáṣíbọọ̀dù ó sùn lọ, ẹnì kan tẹ́ ẹní ìrun sáàárín ọkọ̀ méjì. Muhideen, ọmọ Ìsẹ́yìn, awakọ̀ bíi tiwọn, ti sọ bùútù ọkọ̀ tirẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù: okùn tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, kámẹ́rà inú ọkọ̀, ohun tí wọ́n fi ń gbé fóònù kọ́, páálí olóòórùn dídùn tó rí bí igi. Lazarus dúró ti bùútù yìí, ó ń fọwọ́ pa gbogbo ohun tí kò fẹ́ rà.

"Lazarus!" Muhideen ló kígbe. "Òkú ọjọ́ mẹ́rin! Ta ló yí òkúta kúrò?"

"Muhi, má bẹ̀rẹ̀. Kí lo ní tó lè bá mi ṣọ́ ọlọ́pàá?"

"Ẹ̀yin tí áńgẹ́lì ń ṣọ́? Ṣé wọ́n ti lọ lífù ni?"

"Mo ní kó o má bẹ̀rẹ̀."

Muhideen fa ẹ̀rọ dúdú kékeré kan yọ, kò tóbi ju páálí sìgá lọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí olùkọ́. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ mọ eré ọkọ̀ máa ń na ráda sí i. Ẹ̀rọ yìí á ti gbọ́ ráda náà láti òkèèrè kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Á ké, awakọ̀ á sì rọra. Dítẹ́kítọ̀ ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni òfin ti lé e. Nínú ọkọ̀ bíi tiwọn, kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ mú un.

"Ṣé kì í purọ́?" Lazarus bi í.

"Ó ń purọ́ dáadáa. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ń dá ṣí, á ké. Ọkọ̀ tuntun tó ń fi ara ríran, á ké. Ìwọ ṣáà máa rọra nígbàkígbà tó bá ti ké. Bó ṣe ń purọ́ yẹn sàn ju kó dákẹ́ lọ."

"Mo gbọ́."

"Àmọ́ jẹ́ n bi ẹ́. Ìwọ tó ò ń wakọ̀ bíi pé ẹyin lo rù, eré kí lo wá ń sá?"

Lazarus sọ fún un. Muhideen kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó gbé ẹ̀rọ náà padà sórí bùútù.

"Nítorí ìyá kan tí kì í tètè jáde nílé? Lazarus, màá tà á fún ẹ o, àwọn ọmọ tèmi náà ń jẹun. Ṣùgbọ́n bó o bá ní 'Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè', wọn kì í gbowó ìyẹn."

"O ò mọ Mọ́mì."

"Èmi náà ní ìyá."

"Èló ni?"

Muhideen dá owó lé e. Lazarus kò ná an. Ẹni tó bá ń ná ọjà á pẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì pẹ́ níbẹ̀ á tún gba ìmọ̀ràn sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí ẹ̀rọ náà ṣe kọ́kọ́ ké ni Mọ́mì na ọrùn láti ẹ̀yìn.

"Kí nìyẹn?"

"Mọ́mì, ó máa ń sọ bí ewu bá wà níwájú ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi nǹkan ni Ọlọ́run ń lò."

Ibi tó ti lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Ó yí sítíárìn, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Wọ́n á ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Highbridge bọ́ sórí ọ̀nà Deegan, wọ́n á gba orí afárá Triborough, wọ́n á bọ́ sórí Grand Central, ẹ̀rọ á ké, Lazarus á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, á sì rọra kọjá lára ọlọ́pàá tó fara pamọ́ sábẹ́ afárá bí ẹni tó ń tẹ̀lé òkú lọ sí ibojì. Nígbà mìíràn, ara àwọn tó sáré kọjá rẹ̀ ni iná pupa àti búlúù á ti máa tàn níwájú. Ó ń dùn mọ́ ọn. Ó tilẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ṣó o rí i pé kò di dandan kéèyàn bá àgbà jà?"

"Mo rí i," ni Ìyábọ̀dé wí. "Ẹ ti ra ẹnu. Ẹ gbé e kọ́ ara gíláàsì."

Ohun tí Lazarus kò sọ fún un ni pé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yọ ọ́ ni Mọ́mì ń pẹ́ sí i. Kò yẹ kó yà á lẹ́nu. Bí ẹni tó jáde pẹ́ bá ṣì ń débi iṣẹ́ lásìkò, kí ló máa mú un tètè jáde? Àdúrà gùn sí i. Eré pọ̀ sí i. Kóòtù Christina ti wà lọ́rùn rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá afárá. Lazarus wá dà bí ẹni tó ra agbòjò, tó sì torí rẹ̀ lọ kọ́lé sínú òjò.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, àwọn elétò bọ́ọ̀sì pè é. Wọ́n ní kó wá ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n á tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bí kò bá sí nǹkan tuntun lórí rẹ̀, ó ti wọlé. Lazarus lọ dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́mì ní pálọ̀ tó ti sùn rí. Mọ́mì sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó pè é ní ọmọ tí òun kò bí tó tún sàn ju ọmọ tí òun bí lọ. Doyin, ọmọ tó bí, wà ní Texas, kì í pè é. Inú Mọ́mì dùn tinútinú. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, èyí gan-an ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà burú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà ni ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá.

Lazarus dúró nísàlẹ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó fun fèrè. Ó yí ilé náà po, ó padà wá dúró. Fèrèsé Mọ́mì tàn yòò lókè. Ó tún yí i po. Nígbà tí Mọ́mì jáde, ó ń tiro, ó fi èjìká sún ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọlé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn àwọn obìnrin ń jáde láti inú rẹ̀ bí omi nínú páìpù tó fọ́.

"Tẹná, ọmọ mi! Tìẹ la ń gbà láti àárọ̀. Tìẹ nìkan! Mo ní kí ẹnikẹ́ni má mú ẹ̀bẹ̀ tiẹ̀ wá lónìí."

Ìdí tó fi pẹ́ ju ti gbogbo ọjọ́ lọ nìyẹn.

Lazarus tẹná. Ọ̀nà Deegan kò kún. Orí afárá náà ṣí. Wọ́n bọ́ sórí Grand Central, aago sì ti ń súnmọ́ méje. Lẹ́yìn rẹ̀, Mọ́mì ti gbé fóònù sí sípíkà, ó di ojú, ó ń mi orí.

"Láísẹ́ǹsì rẹ̀, a fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó!"

"Àmín!"

"Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, kò ní sí àbùkù!"

"Àmín!"

"Ẹnu tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lòdì sí ògo rẹ̀ níbẹ̀, Olúwa, pa ẹnu náà mọ́!"

Ẹ̀rọ náà ké.

Kò ké bó ṣe máa ń ké fún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ké lemọ́lemọ́, ohùn rẹ̀ ń ga, ó ń yára. Obìnrin kan sọ láti inú fóònù pé, "Mọ́mì, kí ló ń han bẹ́ẹ̀? A ò gbọ́ yín mọ́." Òmíràn ní, "Mọ́mì, ẹ kúrò níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, ariwo ti pọ̀ jù."

"Lazarus, pa nǹkan yẹn!"

"Mọ́mì, ẹ̀rọ yìí..."

"Mo ní pa á! Ṣó ò gbọ́ pé tìẹ là ń gbà ni?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná. Bó bá gbé e kúrò, ọ̀rọ̀ ti tán; ẹ̀rọ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ohun tó fẹ́ sọ ló sọ. Ṣùgbọ́n bó bá rọra, Mọ́mì á la ojú, á ní kí ló dé tó ń rọra nígbà tí aago ń lọ, Lazarus yóò sì ní láti dáhùn. Bó bá dáhùn, á di pé ó sọ fún ìyá rẹ̀, láàárín àdúrà tí ìyá rẹ̀ ń gbà fún un, pé òun ń sáré nítorí pé Mọ́mì pẹ́. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ní ìyàwó, tó bímọ. Ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Àmín," ni Lazarus wí.

Ọlọ́pàá náà wà lẹ́yìn òpó afárá tó tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin pẹ́lẹ́ ni, kò pariwo. Ó gba láísẹ́ǹsì, ó bi Lazarus bóyá ó mọ iye eré tó ń sá. Kí Lazarus tó ya ẹnu, Mọ́mì ti na ara jáde láàárín àga méjèèjì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá a lórí.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi nà án!" Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ báyìí. "Mo ti sọ, mo ti sọ, kò gbọ́! Ojoojúmọ́ ló ń sáré báyìí! Olórí kunkun ni! Ẹ dákun, ẹ foríjì í, èmi ni ìyá rẹ̀, ẹ wo ewú orí mi!"

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tí obìnrin náà ń ṣe. Ẹ̀bẹ̀ ni. Bí ọmọ ẹni bá bọ́ sọ́wọ́ aláṣẹ, ẹni tó bí i ló máa kọ́kọ́ bú u, á lù ú lójú aláṣẹ, títí àánú á fi ṣe aláṣẹ tí yóò ní, "Ó tó, Mama, ẹ fi í sílẹ̀." Ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ nílé. Ọlọ́pàá yìí kì í ṣe ará ilé.

"Ojoojúmọ́?" ló béèrè.

"Ojoojúmọ́, ọ̀gá! Àní láràárọ̀!"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó fi ìka kan gíláàsì níbi tí ẹ̀rọ dúdú náà wà. "Èyí ńkọ́? Ó bàjẹ́ ni?"

"Rárá," ni Lazarus wí.

"Kí ló dé tó ò tàn án?"

Lazarus wo dígí. Mọ́mì ń nu òógùn, ó ń sọ sínú fóònù pé kí wọ́n má dákẹ́, pé ọ̀tá ti dìde ṣùgbọ́n ó ti ṣubú. Lazarus wá èsì ní Gẹ̀ẹ́sì, kò rí i. Ó wá a ní Yorùbá. Ó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí wọ́n dé Jamaica, Christina ti wà nísàlẹ̀, lórí pèpéle, nínú kóòtù rẹ̀. Ó wo Lazarus, kò wo Mọ́mì. Ó ní, "Ìwọ náà kò lè sọ fún un?" Ó sì lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn elétò bọ́ọ̀sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn kò lè tẹ̀ síwájú pẹ̀lú rẹ̀ báyìí. Lazarus sọ fún Mọ́mì pé wọ́n sún un síwájú. Ó tún purọ́ kan sí i, kí ojú má bàa ti ẹni tó yẹ kí ojú tì.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Mọ́mì Doyin bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní jàǹbá ńlá kan ló wà níwájú àwọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní ẹ̀mí sọ fún òun. Ó ní bí ọmọ tó ń wa òun ṣe ń sáré, kì bá tí sí ẹni tó máa sọ ìtàn, ṣùgbọ́n Olúwa gbé ọlọ́pàá dìde láti dá wọn dúró. Ìjọ pariwo. Onídùùrù gbé orin. Àwọn tó wà nítòsí na ọwọ́ sí Lazarus, wọ́n ń fi ìka halẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀rín: "Brọ́dà Lazarus, ẹ rọra o! Ẹ rọra!"

Lazarus dìde dúró, ó ṣe àmín. Ìyábọ̀dé kò dìde. Láyọ̀ ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ó di ọmọ náà mú, ó gbé oògùn sí i lẹ́nu, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilé tí wọn kò ní kọ́ tán.

Ọjọ́ Ajé mọ́. Lórí Ogden Avenue, Toyota kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ti páàkì, iná ìkìlọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọkọ̀ akólẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ dúdú náà ṣì wà lára gíláàsì, kò tàn. Awakọ̀ náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí sítíárìn, kò sì fun fèrè. Lókè, iná wà ní fèrèsé. Wọ́n ń gbàdúrà fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ má bá a kẹ́dùn. Ẹnì kan wà nísàlẹ̀ ilé yín báyìí, tàbí lẹ́nu ọ̀nà yín, tí kò lè fun fèrè. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún un nígbà kan, òun náà kò sì gbàgbé. Ẹ pa fóònù yẹn. Ẹ gbé báàgì yín. Ẹ sọ̀kalẹ̀.